Puss in Boots: The Last Wish, ṣé ọmọ ọdún 6 lè wò ó? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Méjì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 6, fẹ́ràn àwọn kátúùnù Shrek kọjá sísọ. Ó ti wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, láti orí ti 2001 títí dé ti 2010. Puss in Boots àkọ́kọ́ tó jáde ní 2011, ti ológbò inú Shrek yẹn, ìyẹn ti di àkọ́sórí, ológbò ò tíì yanu tóun á ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó wá rí i pé òmíràn wà, The Last Wish, kò sì jẹ́ n gbádùn mọ́. Àmọ́ àbúrò mi tó ti wò ó ní kí n fura, ó ní èyí yàtọ̀ pátápátá. Mo ní kó ṣàlàyé, ó ní kí n lọ wò ó fúnra mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni? Ibo ni kí n ṣọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 11, òun náà máa bá wa jókòó. Ẹ sọ ìtàn náà fún mi dé ìdí, mi ò bínú.

Awòran Òru

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Àbúrò yín ò purọ́. (Ẹni tí ò bá fẹ́ mọ ìtàn náà ṣáájú, kó yáa fo ọ̀rọ̀ mi.)

Ológbò tí a pàdé nínú Shrek 2 ní 2004, apanilẹ́rìn-ín ni. Á fọ́nnu, á fa idà yọ, bí ọ̀rọ̀ bá sì dójú ẹ̀, á ṣí fìlà, á ranjú rogodo, àánú rẹ̀ á ṣe ọ̀tá. Nínú The Last Wish, ológbò kan náà ni, Antonio Banderas náà ló ṣì ń fi ohùn ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó dìde sí i lọ́tẹ̀ yìí kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀mí mẹ́sàn-án ni ológbò ní nínú ìtàn yìí. Ó ti ná mẹ́jọ dànù, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó ń tọpa ẹyọ kan yẹn ni ìkookò kan tó da aṣọ dúdú bora, tó mú dòjé méjì lọ́wọ́, tó máa ń súfèé kó tó yọ. Ológbò rò pé ọdẹ tó ń mú ọ̀daràn gbowó ni. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé Ikú ni. Kì í ṣe ìnagijẹ o. Ikú gan-an.

Ibi àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣọ́ ni ilé ọtí. Ológbò dá jókòó, ẹ óò gbọ́ súfèé náà kẹ́ ẹ tó rí ẹnikẹ́ni. Ìkookò á jókòó tì í, á máa fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani. Wọ́n á jà, idà á bọ́ lọ́wọ́ ológbò, dòjé á hà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ á kán. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ká rí i dáadáa, wọ́n sì jẹ́ ká rí irun ara ológbò bó ṣe ń dìde gàgà. Lẹ́yìn náà ó sá. Ẹni tó kọrin ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù pé akọni tí ẹ̀rù kì í bà lòun, ó ju idà sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọmọ tó mọ ológbò yìí látẹ̀yìn wá, ibẹ̀ ni ara rẹ̀ máa kọ́kọ́ bù máṣọ.

Ìkookò á tún yọ ní àárín igbó, á yọ nínú ihò àpáta oníkírísítálì, wọ́n á sì jà àjàkẹ́yìn lórí ìràwọ̀ tó ń mú ohun tí ẹni bá fẹ́ ṣẹ, èyí tí gbogbo wọn ń wá kiri, iná yí wọn ká. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó nípọn nìyẹn. Ìyókù, ẹ óò rẹ́rìn-ín dáadáa.

Tíṣà Àwọn Kékeré

Awòran Òru ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Láàárín ọmọdé ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Etí ni ìbẹ̀rù fíìmù yìí ń gbà wọlé. Ọmọdé lè fi ọwọ́ bojú tí dòjé bá yọ, ṣùgbọ́n súfèé yẹn á wọlé síbẹ̀, á sì tẹ̀lé e dé orí ibùsùn. Mo ti rí ọmọ tí kò rántí ẹ̀jẹ̀ rárá, àmọ́ tí ẹni kan súfèé lẹ́yìn ilé, tó fò dìde. Nítorí náà, mà, ẹ má yí ohùn rẹ̀ sókè jù. Ẹ wò ó lọ́sàn-án, kí wákàtí mélòó kan ṣì wà kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n ráàyè ṣeré, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè.

Èkejì, èyí ṣe pàtàkì sí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹ má pa á láàárín ibi tí ìkookò wà. Àwa òbí, tí ọmọ bá ti ké, rìmóòtù la máa ń nà mọ́. Ó dà bí àánú, àmọ́ ọmọ náà á wá gbé ìkookò tí wọn ò tíì ṣẹ́gun lọ sùn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dúró, ẹ jẹ́ kó dé ilé Mama Luna, níbi tí ológbò wa ti lọ fara pa mọ́ láàárín ogunlọ́gọ̀ ológbò ilé. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń jẹ oúnjẹ ológbò nínú àwo, irùngbọ̀n á hù sí i, ajá kékeré kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ológbò á sọ ara rẹ̀ di ọ̀rẹ́ ẹ̀ tipátipá. Ọmọdé á ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lọ mu omi, ẹ padà wá.

Àti pé ẹ wò ó fúnra yín ṣáájú wọn. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 42 péré ni.

Mi Ò Gbà

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 6? Kó dúró. Fíìmù náà ò ní í sá lọ.

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìkookò, ìkookò ò sì fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀rù tó ní ìtumọ̀, ọmọ á mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ọmọ kékeré máa wò ni Jack Horner. Ọkùnrin tó ní ilé iṣẹ́ àkàrà ńlá yẹn ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n ń kú lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ń fi ìwo yunikọ́ọ̀nù yìnbọn, ẹni tó bá bà á fọ́ yángá. Wọ́n fi kòkòrò kékeré kan lé e léjìká láti máa bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn, títí tí ọ̀rọ̀ fi sú kòkòrò náà. Èmi rẹ́rìn-ín o, mi ò lè purọ́. Àmọ́ àgbà ni mí.

Ẹ tún wo ajá yẹn, Perrito. Ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́: àwọn tó ni ín fi í sínú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n fi òkúta tì í, wọ́n jù ú sódò. Ìbọ̀sẹ̀ náà ló wá sọ di ẹ̀wù. Ó rò pé eré ni wọ́n ń bá òun ṣe. Àgbàlagbà á gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Ọmọ ọdún 6 lè gbọ́ ọ kó rò pé eré ni lóòótọ́. Ta ló máa jókòó ṣàlàyé ìyẹn? Ṣé ẹ ti múra ẹ̀ sílẹ̀?

Kí ọmọ ọdún 11 wò ó. Kékeré yẹn, ẹ fún un ní ọdún méjì sí i.

Awòran Òru

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti wò ó, ṣé ó máa jẹ́ kí ilé rójú fún ọdún méjì?

Mi Ò Gbà

Ìyẹn kan ìyá rẹ̀. Èmi ti wí tèmi.

Ìdí Ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, torí mo rí i pé gbogbo wa ń sọ ibi tó bani lẹ́rù, a ò tíì sọ ìdí tó fi bani lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló máa jẹ́ kí ìyá yìí mọ ohun tó máa bá àwọn ọmọ sọ.

Ẹ rántí bí fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ológbò ṣe àríyá, ó bá òmìrán jà, agogo ńlá já lù ú, ó kú. Oníṣègùn béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lo ti kú, wọ́n wá fi ikú méje tó ṣáájú hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ó sáré níwájú akọ màlúù. Ó wọ inú ẹ̀rọ ìbọn ńlá, wọ́n yìn ín. Ó jẹ ohun tí ara rẹ̀ ò gbà. Ọ̀nà tí ọ̀wọ́ Shrek ti máa ń ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, kíákíá, wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó ń sunkún. Èmi náà rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ìgbà tí Ikú wá bá ológbò nínú ihò àpáta ló tó sọ ẹ̀sùn rẹ̀: òun wà níbẹ̀ nígbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun rí bó ṣe fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣòfò, inú sì bí òun, torí ẹni yìí ò ka ẹ̀mí sí nǹkan kan. Ẹ rí i? Ẹ̀rín tí a rín ní ìbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni ẹjọ́ tí wọ́n ń pè. Fíìmù náà gbé ìṣe ọ̀wọ́ tó ti wá jókòó, ó bi í léèrè pé kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Nítorí ìyẹn ni kò ṣe lè rí bíi ti 2011. Bí ẹ bá yọ ìbẹ̀rù kúrò, kò sí ìtàn mọ́, yóò ku ìrìn àjò sídìí ìràwọ̀ lásán.

Nítorí náà, màmá, tí ẹ bá máa fo ibì kankan pẹ̀lú rìmóòtù, ẹ má fo ihò àpáta yẹn. Tí ẹ bá rò pé ọmọ ò lè wo ihò àpáta, a jẹ́ pé kò tíì tó àsìkò tó máa wo fíìmù náà nìyẹn, ẹ gbọ́ ti Mi Ò Gbà.

Ọmọ Ìkẹyìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lánàá, nígbà tó ń bá òmìrán yẹn jà, àwòrán náà ń ṣe gẹ́lẹ́ gẹ́lẹ́, kò lọ geere. Bí ìjà bá ti parí, á tún dáa. Ṣé èyí tí mo gbà wálẹ̀ ló bàjẹ́ ni? Mo ti pa á rẹ́, mo tún un gbà, bákan náà ni.

Ayàwòrán

Má pa á rẹ́ mọ́, àbúrò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Fíìmù máa ń fi àwòrán 24 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú kátúùnù onísirò kọ̀ǹpútà bíi Shrek, ara ẹ̀dá inú ẹ̀ máa ń yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló fi ń lọ geere. Níbi ìjà nínú The Last Wish, wọ́n máa ń jẹ́ kí ìdúró kan pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yí i, torí náà ojú á rí i pé ó ń fò láti ìdúró kan sí èkejì. Ó ń mú kí idà gé dáadáa lójú ẹni, lílù kọ̀ọ̀kan á sì wọni lára. Spider-Man: Into the Spider-Verse ti 2018 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Wo ara ògiri, wo ewé, wo irun ológbò. Ní 2011, wọ́n sapá kí irun kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ní báyìí, wọ́n fi bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ni, ó rí bí àwòrán inú ìwé ìtàn àtijọ́. Ara ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà lè wúwo nìyẹn, lójú tèmi. Àwòrán tó ń díbọ́n pé òótọ́ lòun kì í fi bẹ́ẹ̀ gba Ikú tó ń rìn láàárín ọjà. Èyí tó gbà pé àwòrán ni mí, ó gba ohun gbogbo. (Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ irun, ilẹ̀ á mọ́.)

Ọmọ Ìkẹyìn

Háà! Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Dátà mi ló ti lọ yẹn o.

Ìyá Méjì

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ń kà á tọkàntọkàn. Mo ní ìbéèrè méjì. Mo rí i pé PG (ìyẹn pé kí òbí fojú sí ohun tí ọmọ ń wò) ni wọ́n kọ sí i ní Amẹ́ríkà, PG kan náà tí wọ́n kọ sí Shrek. Báwo ni méjèèjì ṣe wá jẹ́ ọ̀kan náà? Èkejì: ṣé èébú wà nínú ẹ̀?

Àgbà Òǹwòran

Ìbéèrè rere lẹ bi, ìyá. Lẹ́tà yẹn nìkan ò lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí kátúùnù púpọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, láti orí èyí tí ò bani lẹ́rù rárá títí dé èyí tí Ikú ń fi dòjé lé èèyàn. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà ni kí ẹ máa kà, ìdí tí wọ́n fi fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ bóyá ìwà ipá ni, bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu ni, bóyá ohun tó ń dẹ́rù bani ni.

Ẹ tún máa wo ẹni tó darí ẹ̀. Chris Miller ló darí ti 2011. Joel Crawford ló darí The Last Wish. Nígbà tí olùdarí bá yí padà, tí ọdún mọ́kànlá sì ti kọjá láàárín, kò yẹ kéèyàn retí pé ọbẹ̀ á jọra. Èyí tí wọ́n ṣe fún Netflix láàárín 2015 sí 2018, tó jẹ́ onípele-ìpele, ti ọmọdé nìyẹn pọ́ńbélé. Bí kékeré yẹn bá ń sunkún ológbò, ẹ fi ìyẹn tù ú nínú ná.

Ní ti èébú: Perrito gbìyànjú láti bú èèyàn níbì kan, wọ́n sì fi ariwo bò ó, ẹ ò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 11 á mọ ohun tí wọ́n bò. Ẹ má bi í.

Kí n tún sọ pé kì í ṣe òní ni irú èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1979, wọ́n fún Hayao Miyazaki, olùdarí kátúùnù ará Japan, ní Lupin III, olè tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀, tó ya ọ̀bàyéjẹ́, tí obìnrin ò ráyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣe The Castle of Cagliostro, ó sì sọ olè náà di onínúure tó ń gba ọmọbìnrin là láìbéèrè nǹkan kan. Inú àwọn kan ò dùn sí i pé Lupin àwọn kọ́ nìyẹn. Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Miyazaki darí ni.

Èkejì ni Liz and the Blue Bird, ti 2018, Naoko Yamada ló darí ẹ̀ ní Kyoto Animation, ilé iṣẹ́ kátúùnù ní Japan. Inú ọ̀wọ́ Sound! Euphonium ló ti yọ, ọ̀wọ́ tó kún fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé tó ń fọn fèrè, tí ìdíje ń gbóná. Fíìmù náà fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó mú ọmọbìnrin méjì péré. Àwọn ẹ̀dá náà kò tiẹ̀ jọ bí wọ́n ṣe yà wọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun kékeré ló ń ṣẹlẹ̀: ìró ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, irun tó ń mì. Nítorí náà yíyà kúrò lọ́nà kì í ṣe sínú òkùnkùn nìkan. Ó lè jẹ́ sínú ìdákẹ́jẹ́.

Mi ò ní í sọ pé gbogbo èyí tó bá yà ló dáa o. Lightyear ti 2022 yà kúrò lára Toy Story, ó gbé ojú le, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀ láti ṣàlàyé fún wa ohun tí à ń wò. Èmi ò rí ìdí tó fi yà. Ti ológbò yìí, ìdí náà wà lójú.

Ìdí Ọ̀rọ̀

Bàbá, mo fara mọ́ yín, àyàfi lórí Lightyear. Ibi tí Buzz, akọni inú ẹ̀, ti ń lọ sí òfuurufú tó ń bọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dàgbà sílẹ̀, ìyẹn mú mi lọ́kàn.

Àgbà Òǹwòran

Ibẹ̀ dáa. Ìṣẹ́jú mélòó ni?

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún Ìyá Méjì nípa ọmọ ọdún 11 yẹn, torí kékeré nìkan ni gbogbo wa ń bójú tó.

Ibì kan wà nínú igbó. Ológbò rí ìkookò, ó sì sá, kì í sì í ṣe pé ó sá fún ìjà mọ́. Kò mọ ibi tó ń lọ. Ó fẹ̀yìn ti igi. A ò gbọ́ orin. Lílù àyà rẹ̀ là ń gbọ́, àti èémí tó ń já. Perrito bá a níbẹ̀. Ajá tó ti ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé orí lé e níkùn, ó dúró bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ológbò bọ́ sórí ajá náà, èémí náà wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni ológbò tó lè sọ ọ́ jáde pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ọmọ tó ti tó bíi 11, tí ìdánwò ti ń dà láàmú, tàbí tí àyà rẹ̀ máa ń já lálẹ́ láìmọ ìdí, á mọ ohun tó ń wò níbẹ̀ dáadáa. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó parí, bóyá lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá béèrè wẹ́rẹ́ pé kí ló fẹ́ràn lára ajá yẹn. Èyí tí ọmọ àbúrò mi sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn fíìmù yìí, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nínú ilé láìpẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ìkookò yẹn ń sọ̀rọ̀ ikú láìfi bò, ọgbẹ́ tútù ò gba irú ẹ̀.

Tíṣà Àwọn Kékeré

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ mẹ́nu kan ìyẹn. Mo fẹ́ fi òpin rẹ̀ kún un, torí ọmọ máa béèrè: "Ṣé ológbò pa Ikú?" Rárá. Ó mú idà, ó jà, ó já dòjé kan gbà, ó wá sọ pé òun mọ̀ pé òun ò lè ṣẹ́gun rẹ̀, àmọ́ òun á jà fún ẹyọ kan tó kù yìí. Ìkookò bínú, torí ẹni tó wá pa, onígbèéraga tó ń yẹ̀yẹ́ ikú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n sì sọ fún ara wọn pé àwọn á tún pàdé. Ọmọ kékeré á fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé wọn ò ní í pàdé mọ́. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ sọ pé ó máa pẹ́ gan-an.

Arìnrìn-àjò Ojú Amóhùnmáwòrán

Ṣé dandan ni kéèyàn wo ti 2011 ṣáájú? Mi ò wo ọ̀kankan rí yàtọ̀ sí Shrek àkọ́kọ́, ológbò ò sì sí nínú ìyẹn.

Awòran Òru

Kò pọn dandan. Kitty Softpaws, ológbò obìnrin kan, nìkan lẹ máa ṣàìmọ̀, wọ́n á sì ṣàlàyé fún yín pé ìgbéyàwó kan wà tó yẹ kí òun àti ológbò wa ṣe, tí ológbò ò dé ibẹ̀. Ó tó. Goldi, ọmọbìnrin tó ń bá béárì mẹ́ta gbé, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Tèmi ni pé béárì wọ̀nyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fíìmù náà lọ́wọ́ ológbò; ọmọ tí kò ní òbí, tó ń wá ẹbí kiri, tí ẹbí sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn látọjọ́ yìí.

Mi Ò Gbà

Lórí béárì, a fohùn ṣọ̀kan.

Ìyá Méjì

Ẹ kú àárọ̀ o. A ti wò ó. Mo kọ́kọ́ dá wò ó lóru, mo sì pinnu pé ká lọ síwájú. Ọ̀sán la wò ó, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, kékeré jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ní ilé ọtí ó di ọwọ́ mi mú, kò sì sọ pé ká pa á. Ìkookò ò bà á lẹ́rù tó bí mo ṣe rò. Ó ní ó dáa bó ṣe fún ológbò ní idà rẹ̀ padà kí wọ́n tó jà, pé ìyẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ.

Ìbọ̀sẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Mi Ò Gbà, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ó bi mí léèmejì pé ṣé àwọn tó ni ajá yẹn padà wá mú un. Mo ní rárá, pé wọ́n ṣe ohun tó burú, àti pé ajá náà ti rí ẹlòmíràn. Ó rò ó títí, ó ní kí wọ́n lọ mú wọn.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní fíìmù náà "dáa". Ìyẹn nìkan. Àmọ́ mo gbọ́ ọ tó ń súfèé nílé ìwẹ̀ láàárọ̀ yìí, àbúrò rẹ̀ sì ń pariwo pé kó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, mi ò tíì bi í ní nǹkan kan, mo ń dúró. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n wá fún un tẹ̀ lé e? Àwa méjì nìkan la máa wò ó.

Àgbà Òǹwòran

Cagliostro, ìyá. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná; ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní eré mọ́tò kan tí ò ní í jẹ́ kó dìde. Liz, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tó bíi ọdún 14, kò ní í ní sùúrù fún un nísinsìnyí.